Ta ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ Òṣogbo?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ó ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá kí ìwé ìròyìn yín má gbé ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀ jáde láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lónìí, ọmọ onílẹ̀ ló wó fẹ́ńsì ẹni. Lọ́la, ìlú méjì ló dojú ìjà kọ ara wọn lórí ààlà. Ẹ máa ń fọ̀rọ̀ wá ọlọ́pàá lẹ́nu wò, ẹ máa ń lọ sí ààfin, ẹ sì máa ń gbọ́ tẹnu lọ́yà. Ẹni tí mi ò tíì rí kí ẹ bi léèrè ni ẹni tó ń tọ́jú ìwé. Akọ̀wé kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ó yẹ kí Òṣogbo ní ilé ìpamọ́ fún ìwé ilẹ̀ àtijọ́, kí ilé náà má sì sí lábẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ṣebí ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà, ṣebí ìjọba ti ń kó ìwé ilẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irú ìwé wo ni wọ́n ń kó síbẹ̀? C of O ni, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí ìjọba ń fún ni, àti ìwé mìíràn tí gómìnà ti fọwọ́ sí. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó gbé ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ Òròkí, Òṣogbo wa yìí, sì ti ní àwọn tó ni ín tipẹ́tipẹ́ kó tó di ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Òkè-Baálẹ̀ kò rí C of O sójú rí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni rìsíìtì tí bàbá àgbà gbà lọ́wọ́ olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún un, tí wọ́n lẹ sítáǹpù mọ́, tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta sì tẹ̀ka sí. Ìwé ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, àti àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, nígbà mìíràn lẹ́tà tí D.O., òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ayé ìjọba amúnisìn, kọ ránṣẹ́ sí ààfin. Kò sí ẹni tó ń kó àwọn wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà kankan, nítorí owó kò tibẹ̀ jáde fún ìjọba.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ló ń parí ẹjọ́. Lọ́dún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, kò sì sí lọ́yà tí kò mọ̀ ọ́n lórí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ló ṣáájú, ìwé tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́ta tó kù sì dá lórí ohun tí ènìyàn ti ń ṣe lórí ilẹ̀ náà àti lórí èyí tó fara kàn án. Ìtàn dára, ọmọ Yorùbá ni wá. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú kóòtù gbọ́ bí ìdílé méjì ṣe ń pìtàn lórí ilẹ̀ kan náà. Ìtàn méjèèjì dùn, àgbà méjèèjì búra, kò sì sí ibi tí wọ́n ti bára mu. Nígbà tó bá rí báyìí, ohun tí adájọ́ máa ń béèrè ni èyí tí kò tíì jìnnà: ta ló ń dáko níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a mọ̀? Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Ta ló kọ́lé síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò? Ìwé pélébé tí ẹnìkan ká sínú àpótí ló sábà máa ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí.

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 náà fún ìwé àtijọ́ láyè tirẹ̀. Ìwé tó bá ti pé ogún ọdún, tó sì jẹ́ pé ibi tó yẹ kó wà ni wọ́n ti mú un wá, adájọ́ lè gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló fọwọ́ sí i lóòótọ́, láìsí pé à ń wá ẹlẹ́rìí tó ti di ará ọ̀run kiri. Ibi tó yẹ kó wà: ẹ jọ̀ọ́, níbo nìyẹn ní Òṣogbo? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ni ọ̀pọ̀ wà. Tí bàbá bá kú tán, tí ọmọ mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ìyá mẹ́ta bá yọ ìwé mẹ́ta tí kò jọra láti inú àpótí mẹ́ta, ẹ sọ fún mi àpótí wo ló yẹ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ayédèrú, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Láti 1978, títa ilẹ̀ ti di ohun tí gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Àwọn tí kò fẹ́ ná owó yẹn, tí wọn kò sì fẹ́ dúró, wá rí ọgbọ́n dá: wọ́n á kọ ìwé lónìí, wọ́n á fi ọjọ́ àtijọ́ sí i, kó lè dà bíi pé wọ́n ti ta ilẹ̀ náà kí òfin tó dé. Gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn òpè inú wọn máa ń fi ọwọ́ ara wọn tú àṣírí ara wọn. Ẹ ó rí rìsíìtì tí wọ́n ní ọdún 1971 ni, náírà ni iye owó inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà wọlé, pọ́n-ùn àti ṣílè là ń ná ṣáájú ìgbà náà. Ẹ ó rí àdéhùn ọdún 1975 tó kọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gàdàgbà sókè, nígbà tó jẹ́ pé oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ lára Western State. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọdún 1985 tó ní nọ́ńbà fóònù alágbèéká GSM lára, bẹ́ẹ̀ 2001 ni GSM dé ọ̀dọ̀ wa.

Òpùrọ́ tí kò mọ ìtàn nìyẹn. Èyí tó mọ ìtàn ńkọ́? Èyí tó ra bébà tó ti pọ́n, tó kọ pọ́n-ùn àti ṣílè síbi tó yẹ, kí la ó fi mú un? Òótọ́ ìwé nìkan la lè fi mú un. Bí ògidì ìwé ọdún 1950 sí 1978 bá wà ní ibì kan tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, a ó mọ irú bébà tí wọ́n ń lò, a ó mọ bí òǹtẹ̀ kóòtù ṣe rí, a ó dá ọwọ́ akọ̀wé tó ń kọ ìwé fún àwọn tí kò mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀, torí pé àwọn akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé ọjọ́un. Bí ilé ìpamọ́ bá sì kọ ọjọ́ tí ó gba ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìwé "àtijọ́" jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ní láti ṣàlàyé ibi tó fi pamọ́ sí látọjọ́ yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó mọ Ìbàdàn á ní ilé ìpamọ́ ńkọ́ lọ́hùn-ún? Ó wà, mo sì kí wọn. Ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike dá ohun tó wá di ilé ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀, ti Ìbàdàn sì wà nínú ọgbà Yunifásítì. Fáìlì Oshun Division ayé òyìnbó wà níbẹ̀, ti Oyo Province náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ilẹ̀ Òṣogbo tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, nọ́ńbà Ìbàdàn ló wà lára rẹ̀: nọ́ńbà ìwé fúnra rẹ̀, ojú ewé, àti nọ́ńbà ìwé ńlá tí wọ́n dì í mọ́. Bí ìwé ńlá yẹn bá bàjẹ́, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òfo. Mi ò ní kí wọ́n kó ti Ìbàdàn wá sílé o. Ìwé tó bá ti wà níbi tó dára, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ìwé mìíràn kì í la ìrìn àjò kejì já. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí a gbà, kí ọmọ Òṣogbo yé wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn kó tó lè mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí.

Ẹ̀dà ṣe pàtàkì nítorí iná. Nígbà tí wọ́n dáná sun Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó tó wà ní Ìgbóṣeré ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, fáìlì ẹjọ́ tí ènìyàn ti ń lépa láti ọdún pípẹ́ jóná mọ́ ilé. Ní tiwa níhìn-ín, iná kò tíì dé, òjò àti ikán ni.

Kí ló wá dé tí mo fi ní kí ó má sí lábẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀? Ọ̀rọ̀ pé wọn kò mọ iṣẹ́ kọ́ ni mò ń sọ. Ọ́fíìsì náà ló ń gba owó, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé, òun ló ń fagi lé e. Ìjọba fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó ní ilẹ̀ láàárín wa: ó gba ilẹ̀ nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó gbà á fún ilé iṣẹ́ irin, ó gbà á fún ojú títì. Bí ìdílé kan bá ń béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba, tí fáìlì ọjọ́ tí wọ́n gba ilẹ̀ náà sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́, irú ẹjọ́ wo nìyẹn?

Ààfin náà kọ́ ni mo ní kí wọ́n gbé ilé ìpamọ́ náà sí, bí mo tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún Kábíyèsí. Ilé ìkàwé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà nígboro wa níhìn-ín ni ọkàn mi yàn. Wọ́n ní olùtọ́jú ìwé tó kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wúlò fún, wọn kò sì ta ilẹ̀. Kí ààfin, kóòtù, àwọn awọnlẹ̀ àti ẹgbẹ́ lọ́yà fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa mójú tó o, kí ẹni tó bá wá wo ìwé sì san owó díẹ̀. Ìyẹn tó.

Àwọn ẹbí ló máa ṣòro jù. Kò sí mọ́gàjí tó fẹ́ kí ẹbí kejì rí ìwé òun, àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé bí ìwé bá ti jáde, owó orí ilẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e. Mi ò bá wọn jà. Ẹbí tó bá fẹ́ mú ògidì ìwé rẹ̀ lọ sílé lè mú un lọ, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ilé ìpamọ́ ya fọ́tò rẹ̀, kó sì kọ ọjọ́ sílẹ̀. Èyí tí kò fẹ́ kí ará ìta rí i fún iye ọdún kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa fún un títí ọdún náà yóò fi pé. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìwé tó ní orúkọ obìnrin nínú ló ń tètè sọnù jù nínú àpótí ẹbí. Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀, ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé àkọsílẹ̀ lè gba ilẹ̀ là, kó lọ wo Igbó Ọ̀ṣun. Ọ̀wọ̀ Yèyé Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ dá a sí, mo gbà bẹ́ẹ̀, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì jà fún un. Ṣùgbọ́n ọdún 1965 ni ìjọba kọ apá kan rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ọdún 1992 ni wọ́n fẹ àkọsílẹ̀ náà dé gbogbo hẹ́kítà 75, kí UNESCO tó gbà á ní 2005. Ẹni tó bá fẹ́ gé púlọ́ọ̀tì níbẹ̀ lónìí mọ̀ pé ààlà wà nínú ìwé. Lọ́dún 2025, nígbà tí ìjà mú kí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobù àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí wọn kò jìnnà sí wa rárá, ìtàn ló ń ti gbogbo ẹnu jáde. Ẹni tó jàre kì í ṣe iṣẹ́ mi láti sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó yẹ kí àwòrán ilẹ̀ àti ìdájọ́ àtijọ́ ti wà lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó mú àdá.

Kí ilé tó dé, ẹ bá mi bẹ àwọn ènìyàn wa kí wọ́n yé gbé rìsíìtì àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀rá bo ìwé. Iná ẹ̀rọ yẹn ń jó bébà, kò sì sí bí a ṣe lè yọ ọ̀rá náà mọ́ láìfa ìwé ya. Kí wọ́n má fi sínú ọ̀rá dúdú pẹ̀lú, torí ó máa ń làágùn. Àpò ìwé lásán ni kí wọ́n fi í sí, kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó. Ẹnu ẹlẹ́rìí tó wà nínú wọn kò sí níbòmíràn: odò tí wọ́n fi ṣe ààlà, ìrókò tí wọ́n ti gé, pèrègún tí wọ́n gbìn, orúkọ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ àti iye iṣu tó ń kó wá. Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn akọ̀wé àtijọ́ ṣòroó kà fún ọmọ ìwòyí. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi díẹ̀ tí a jọ fẹ̀yìn tì ṣì lè kà á, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ká wá jókòó tì wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.