Ẹ Kọ Orúkọ Ẹni Tó Sọ Ọ̀rọ̀ Náà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ẹ yin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ orúkọ ẹnì kan ṣẹ́ kù tó yẹ kó jáde níbẹ̀. Ẹni náà kọ èdè àwa Yàgbà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá, sínú ìwé ní 1854.

Sigismund Wilhelm Koelle ni, ará Cleebronn ní Württemberg, nílẹ̀ Jámánì. Ọdún 1820 ni wọ́n bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ míṣọ́nnárì ní Basel, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Ìjọ Áńgílíkà, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì rán an lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ní ìparí 1847. Ó ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay níbẹ̀, níbi tí Crowther fúnra rẹ̀ ti kàwé.

Freetown, olú ìlú Sàró, kún nígbà náà fún àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Koelle ń jókòó tì wọ́n, ó ń bi wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ kan náà: kí lẹ ń pe orí nílé yín? Kí lẹ ń pe iná? Ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn tó sún mọ́ 300 ló kó jọ báyìí ní èdè tó lé ní 100, ó sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé tó pè ní Polyglotta Africana. Akú ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Sàró. Lábẹ́ Akú, ẹ ó rí Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ọ̀wọ́rọ̀, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó, kálukú ní àyè tirẹ̀. Èmi tí wọ́n nà nílé ìwé torí pé mo sọ èdè ilé wa, ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe rí lára mi.

Koelle kò mú ọ̀rọ̀ nìkan. Ó kọ orúkọ àwọn tó bá a sọ̀rọ̀, ìlú wọn, àti bí wọ́n ṣe di ẹrú. Ọ̀kan nínú wọn ni Ali Eisami, ọmọ Borno. Wọ́n tà á títí ó fi dé Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí Afọ̀njá dìde sí Aláàfin ní Ìlọrin, tí ìròyìn kàn pé ẹrú tó bá sá lọ síbẹ̀ ti di òmìnira, ẹ̀rù ba ọ̀gá Ali, ló bá mú un lọ tà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ tó gbé e lójú òkun. Koelle gba ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀ ní èdè Kanuri, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde tòun ti orúkọ rẹ̀. Ká ní ó fi orúkọ yẹn pamọ́ ni, ta ni ìbá mọ̀ pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbé Ọ̀yọ́-Ilé rí?

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé fún Koelle ní ẹ̀bùn Volney, ẹ̀bùn fún iṣẹ́ lórí ìmọ̀ èdè, ní 1856. Ó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Istanbul lẹ́yìn náà, ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1902.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Àwọn olùwádìí kan wá sí agboolé wa. Ìyá àgbà kan jókòó tì wọ́n láti àárọ̀, ó dárúkọ gbogbo ohun tí àwọn obìnrin wa fi ń hun aṣọ, títí kan àwọn tí èmi gan-an kò gbọ́ rí. Nígbà tí ìwé wọn jáde, “àgbàlagbà obìnrin kan, Yàgbà” ni wọ́n kọ. Ìyá náà ti kú. Inú ń bí mi sí i di òní.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní àyè díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ka èdè wa. Kí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìlú rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kan nílé wa ti ṣetán láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbà, màá fi ti Yàgbà ṣọwọ́ kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí