Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ìgbátí fún Ẹni Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Òfin kan wà nínú Deutarónómì 22:8 tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ọlọ́run ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibẹ̀ ṣubú. Ẹ wo ẹni tí Olúwa bá wí. Kò ní kí wọ́n kìlọ̀ fún àlejò pé kó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Onílé ló gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé rárá.

Òfin yìí ni mo fẹ́ kí a gbé sọ́kàn wá sí ìpàdé tí a ó ṣe lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, níbi tí a ó ti jọ ronú lórí ààbò àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú títì ń pa lọ́dọọdún, àti pé nínú márùn-ún tó bá kú bẹ́ẹ̀, ẹnìkan kò sí nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29, kò sí ohun mìíràn tó ń pa ènìyàn tó o. Èmi kò lè gbọ́ ìyẹn kí n kàn ní “Ọlọ́run á ṣọ́ wa” kí n sì gba ilé lọ. A ó gbàdúrà, a ó sì ṣe ìgbátí.

Ìpàdé àròjọ kì í ṣe ibi tí ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè á ti sọ tirẹ̀ tán kí àwọn ìyókù sì ṣe àmín. Alex Osborn, ará Amẹ́ríkà tó wà nídìí iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ló sọ irú ìpàdé yìí di mímọ̀. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí èrò kọ́kọ́ pọ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni má bẹnu àtẹ́ lu ti ẹnìkejì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1958, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yale fi hàn pé ẹni mẹ́rin tí kálukú dá ronú mú èrò wá ju ẹni mẹ́rin tó jọ jókòó ń sọ ọ́ lẹ́nu lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ìyókù ń dúró, ohun tó wà lọ́kàn wọn á sì bọ́ lọ.

Nítorí náà, ìwé la ó kọ́kọ́ kọ. Ará Jámánì kan, Bernd Rohrbach, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní 1968: ẹni 6 á yí tábìlì ká, kálukú á kọ èrò 3 láàárín ìṣẹ́jú 5, á wá ta ìwé náà sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn á ka ohun tó bá níbẹ̀, á sì kọ 3 mìíràn sí i. Láàárín ìṣẹ́jú 30, èrò 108 ti wà nílẹ̀. A ó fi akọ̀wé ti ẹni tí kò bá lè kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè wa kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù. “Báwo ni ojú títì á ṣe dára?” kò lè bí ohun tó ṣeé mú lò. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé: “Kí ló lè mú kí ìyá àgbà tó ń tẹ̀pá sọdá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ láìsí pé ó ń sáré?” Kí a tó jókòó pàápàá, a ó rin ọ̀nà náà já. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín ṣe déédéé ojú ọmọdé, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó láti bo èyí tó ń bọ̀ mọ́ ọn lójú. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọdé wá, àwọn tí kò ríran, àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ̀yin awakọ̀ náà, ẹ wá, torí ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ kì í ti í tètè rí ẹlẹ́sẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá jáde tán la ó tó máa ṣà á. Níbẹ̀ ni Deutarónómì ti máa ṣèdájọ́: èrò tó bá di gbogbo ẹrù lé ẹlẹ́sẹ̀ lórí, a ó gbé e sẹ́yìn. Kíkọ́ ọmọ bí a ṣe ń sọdá dára, àmọ́ eré ọkọ̀ ló ń pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ìpíndọ́gba eré ọkọ̀ bá fi ìdá 1 nínú 100 lé sí i, ìjàǹbá tó ń gbẹ̀mí á fi bíi ìdá 4 nínú 100 lé sí i. Ìkéde Stockholm, tí àpérò àwọn mínísítà àgbáyé lórí ààbò ojú títì gbé jáde ní ọdún 2020, pè fún kìlómítà 30 ní wákàtí kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ bá ti jọ ń lo ọ̀nà.

Èrò mẹ́ta péré la ó mú, kálukú pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa bójú tó o àti ọjọ́ tó máa jábọ̀. Kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí ìjọ lè ṣe fúnra rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: bí ọkọ̀ wa bá ń dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìsìn, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Fún èyí tó bá jẹ́ ti ìjọba, ìgbìmọ̀ ìjọ á kọ lẹ́tà, wọn á fi àwòrán ibẹ̀ sí i. Ẹ mú bírò dání, kí ẹ sì wọ bàtà tó rọrùn láti fi rìn.