Ó Yẹ Kí Ilé Ẹjọ́ Béèrè Ẹ̀rí Lọ́wọ́ Ìjọba, Kódà Lásìkò Ogun

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí òǹkọ̀wé ti ní bí ogun bá dé, ó yẹ kí àwọn adájọ́ gba ọ̀rọ̀ àwọn ológun gbọ́ láìtọpinpin rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Ní oṣù Kejì ọdún 1942, lẹ́yìn tí Jàpáàn ti kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Hawaii, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu àṣẹ 9066, èyí tí àwọn ológun gùn lé tí wọ́n fi kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tí ìran wọn ti Jàpáàn wá kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì há wọn mọ́ inú àgọ́ tí ṣọ́jà ń ṣọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Àtúnṣe Karùn-ún sí òfin ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀, tí ó ní a kò gbọdọ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìtẹ̀lé ìlànà òfin.

Fred Korematsu, ọmọ ìlú Oakland ní California, kọ̀ láti lọ. Wọ́n mú un, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 1944, adájọ́ mẹ́fà gbè sẹ́yìn ìjọba, àwọn mẹ́ta yòókù kò sì gbà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, Robert Jackson, kìlọ̀ pé ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò wà nílẹ̀ bí ìbọn tí ọta ti wà nínú rẹ̀, tí aláṣẹ èyíkéyìí lè ṣà mú bí ó bá ti rí àwáwí tí ó jọ òótọ́. Kì í sì í ṣe pé ogun ti gba ìgboyà lọ́wọ́ wọn pátápátá, nítorí pé ní oṣù Kẹfà ọdún 1943, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló dá a pé kò sí ẹni tí ó lè fipá mú ọmọ ilé ìwé kí àsíá orílẹ̀-èdè.

Èyí tí ó dùn mí jù lọ wá hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olùwádìí rí i pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ìròyìn lọ́wọ́, láti ọ̀dọ̀ FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ojú omi, tí ó ta ko ẹ̀sùn amí tí àwọn ológun fi kan àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí àwọn adájọ́ rí ìròyìn náà. Nítorí èyí ni ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní San Francisco fi wọ́gi lé ẹ̀bi Korematsu ní ọdún 1983. Ní ọdún 1988, ìjọba tọrọ àforíjì lábẹ́ òfin, ó sì ya 20,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ṣì wà láàyè.

Ní ọdún 2018, Olórí Adájọ́ John Roberts kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdájọ́ 1944 kò tọ̀nà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Síbẹ̀, inú ìdájọ́ tí ó ti sọ èyí ni ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí àṣẹ tí Ààrẹ Donald Trump fi dí ọ̀nà àtiwọ Amẹ́ríkà mọ́ àwọn ará àwọn orílẹ̀-èdè kan, lórí àlàyé pé ọ̀rọ̀ ààbò ni. Kí òǹkọ̀wé yín jọ̀wọ́ sọ fún wa: bí àwọn adájọ́ kò bá ní béèrè ẹ̀rí, ta ni ọmọ ìlú tí a há mọ́ àgọ́ fẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.