Ọdún mẹ́ta tó fún oyè àkọ́kọ́, ọdún méjì kò tó fún fọ́ọ̀mù ìṣègùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí àwòrán ọmọ wa kan ní Amẹ́ríkà tó fi ọdún mẹ́ta gboyè bá ti jáde, àwọn òbí mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í fínná mọ́ tiwọn: kó parí kíá, kó sì bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́dún náà gan-an. Kó parí kíá kò burú. Èkejì ló ń ba nǹkan jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà níbí, ọmọ kì í ti girama bọ́ sí ìṣègùn bíi ti Ìbàdàn tàbí Ìdí-Àràbà. Oyè àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ gbà ná. Krẹ́díìtì 120 ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹni tó bá ti kó díẹ̀ bọ̀ látinú AP, ìyẹn ìdánwò onípele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní girama, tó tún ń kàwé lásìkò ooru, lè kó o jọ lọ́dún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í jẹ́ kí AP nìkan dúró fún báyọ́lọ́jì tàbí kẹ́mísírì.

Kàlẹ́ńdà ni wàhálà. Ní nǹkan bí ìparí Oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà ni AMCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù, fún kíláàsì tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. (Ní Texas níbí, TMDSAS, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìpínlẹ̀ wa, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń lò, àmọ́ ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ náà.) Ẹ mú ọmọ tó wọ yunifásítì ní Oṣù Kẹjọ 2026. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìṣègùn ní 2029, Oṣù Kẹfà 2028 ni yóò fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, èsì ọdún méjì péré ni wọ́n sì máa rí. Yóò ti jókòó fún MCAT, ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, odindi wákàtí méje àbọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì fojú kan biochemistry tó kún inú ìdánwò náà. Ẹ má sọ pé kó kọ́kọ́ dán an wò: gbogbo máàkì MCAT rẹ̀ ni wọ́n ń rí, ẹ̀ẹ̀méje péré ni èèyàn sì lè ṣe é láyé. Bó bá sì kó organic chemistry àti físíìsì pọ̀ ní sáà kan tó gba C, títún kọ́ọ̀sì náà ṣe kò lè pa C náà rẹ́. Máàkì àkọ́kọ́ àti ti àtúnṣe, méjèèjì ni AMCAS ń kà.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí ńkọ́? Olùkọ́ tó mọ ọmọ fún oṣù mẹ́rin, kí ló fẹ́ kọ ju "ó gba A" lọ?

Ìmọ̀ràn mi nìyí: kó parí ní Oṣù Karùn-ún 2029, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ owó ọdún kẹrin nìyẹn. Kó ṣe MCAT ní Oṣù Kìíní tàbí Ìkẹta ọdún yẹn, kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní Oṣù Kẹfà pẹ̀lú èsì ọdún mẹ́ta, kó wá máa ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tàbí láàbù títí di 2030. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́rin kàwé tó sì wọlé tààrà kò ní ṣáájú rẹ̀ dé kíláàsì. Ẹ kàn rántí pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá parí ni sísan owó tó yá lọ́wọ́ ìjọba máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti ẹni tó ń lo físà akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Kò lè ṣiṣẹ́ láìgba OPT, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti fi ohun tó kọ́ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún láti 90 ọjọ́ ṣáájú kó tó parí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í gba ẹni tí kò ní green card rárá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó máa gbà á kó tó san kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù.

Olùtọ́sọ́nà akẹ́kọ̀ọ́,
Houston, Texas.