Má Fi Kún Un, Rọra Ṣe É

Agbo Ọba,
Ìlọrin.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù aláékùmù. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Kánádà lọ́hùn-ún? Bàbá wọn ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ara àwa náà le, a dúpẹ́. Oòrùn ń mú gan-an, iná ọba sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ láàrin ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ, ni mo bá mú bírò. O ní iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ òru ti jẹ́ kí o máa kírun kí ọrùn rẹ ṣáà lè bọ́. O wá ní o fẹ́ máa gbààwẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, kí o tún máa dìde kí nàfílà, ìrun tí kì í ṣe dandan, lóru, bóyá ìgbàgbọ́ rẹ á padà sí bó ṣe wà nígbà tí a jọ wà nílé kéwú. Ọ̀rẹ́ mi, má tíì fi nǹkan kan kún un. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, rọra ṣe é.

Ṣé o rántí hádíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, nípa ọkùnrin tó wọ mọ́ṣáláṣí? Èyí tó jẹ́ pé tí Àáfà wa bá dé ibẹ̀, wọ́n á fi pàṣán gbá ilẹ̀! Ọkùnrin náà kírun, ó wá kí Ànábì, Ànábì dá a lóhùn, wọ́n ní, "Padà lọ kírun, ìwọ ò tíì kírun." Ó padà, ó tún kírun bó ṣe kí i tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà, kó tó ní kí wọ́n kọ́ òun, nítorí òun ò mọ èyí tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó ṣe rùkúù, kó tẹ̀ba, títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, kó nàró títí á fi dúró ṣánṣán, kó forí kanlẹ̀ títí ara á fi balẹ̀, kó jókòó títí ara á fi balẹ̀, kó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìrun rẹ̀. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari, ó wà nínú ti Muslim. Wọn ò ní kó fi rákà kan ṣoṣo kún un. Kí ara balẹ̀ ni wọ́n ń wí. Láti kékeré ni mo ti há a sórí, àmọ́ ìdí ẹ̀rọ ló ti wá wọ̀ mí lára.

O mọ iṣẹ́ wa. Tí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́fẹ́, kò sí télọ̀ tí kì í purọ́ (Ọlọ́run foríjì wá). "Ẹ wá gbà á lọ́la", ọ̀la á dé, aṣọ ò tíì ní apá. Ládàánì á pe Àyìlà, ìrun ọ̀sán, télọ̀ á ní kóun kàn parí ọrùn eléyìí, ọrùn ò ní tíì jókòó tí Alásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, á fi wọlé. Ní báyìí, tí oṣù Iléyá bá ti lé, mi ò gba aṣọ mọ́. Ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ṣáà ni ọdún, àwọn ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ sì níyì púpọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, èmi náà fẹ́ rójú níbẹ̀. Àwọn oníbàárà kan bínú, wọ́n kó aṣọ wọn lọ sí òpópónà Táíwò. Owó náà dín kù, mi ò ní tàn ọ́. Ọkọ mi sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ tì.

Tí wọ́n bá pe ìrun, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, kódà kí abẹ́rẹ́ wà láàrin aṣọ. Mo máa ń rìn lọ síbi tí àwọn obìnrin ń kírun sí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Mo ní rìn o! Ànábì ní ká má sáré wá sídìí ìrun, kódà tí a bá gbọ́ ìkámà, ìpè pé ìrun fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ibi tí a bá bá wọn, ká kí i, èyí tó bá ti kọjá, ká parí rẹ̀ fúnra wa. Tí mo bá ń ka Fàtíhà, mo máa ń dúró mí lópin ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń ráhùn pé mo ń pẹ́. Mo ní kí wọ́n wo aago. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló fi lé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ń ràn mọ́ nǹkan mìíràn. Mo ń jẹun lórí ìjókòó báyìí. Ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà ní ẹ̀bá ṣọ́ọ̀bù, mo ti mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra ìkòkò ní Òkèlele, mo jókòó ti àwọn ìyá tó ń mọ ọ́n. Ìkòkò tí amọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, tí wọ́n bá kó o sínú iná, á sán ni. Wọn kì í kánjú sí i, kódà kí oníbàárà dúró tòun towó lọ́wọ́. Mo ronú kan ìwọ àti nàfílà rẹ níbẹ̀.

Ní ti òru yẹn, o ò gbọdọ̀ ṣe é. Ìwọ tó ń ṣọ́ àwọn àgbàlagbà títí ilẹ̀ fi mọ́, oorun wo ló kù fún ọ? Abu Dardai, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, náà fẹ́ máa kírun mọ́júmọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Salman ló ní kó lọ sùn, ó di ìparí òru kí àwọn méjèèjì tó jọ dìde. Salman ní Olúwa rẹ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ, ara rẹ ní ẹ̀tọ́, àwọn ará ilé rẹ náà ní ẹ̀tọ́, fún oníkálukú ní tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Ànábì, wọ́n ní òótọ́ ni Salman sọ. Èmi ni Salman rẹ lónìí, lọ sùn.

Mo mọ̀ pé oòrùn tìrẹ kò dà bíi tiwa. Ní Ìlọrin, láàárín ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, ẹsẹ̀ wa ti mọ ọ̀nà mọ́ṣáláṣí láìwo aago. Lọ́dọ̀ yín, tí òtútù bá dé, oòrùn á ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, Àyìlà, Alásárì àti Mògàríbì, ìrun ìgbà tí oòrùn wọ̀, á wá dì mọ́ra wọn lásìkò iṣẹ́. Nítorí náà, béèrè ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, má máa jí i kí bí ẹni ń sá. Ẹni tó bá ti gbà ọ́ láàyè, ara rẹ á balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Màmá rẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n le dáadáa, wọ́n ní kí o má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí, kí o fi ra bàtà òtútù fún àwọn ọmọ. Aṣọ òkè tí o ní kí n bá ọ rà ní Pákátà ti wà lọ́wọ́ mi. Tí o bá fẹ́ kí n rán an, tètè fi ìwọ̀n àwọn ìbejì ránṣẹ́, torí tí oṣù bá fi lè lé, mi ò mọ ọ̀rẹ́ o.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, télọ̀ Agbo Ọba