Ìkéde: Ìrántí Kétu ní Àkàbà Ìdènà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ká pàdé ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Ọdún 1886 tí ogun Dáhòmì kó Kétu, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Ìpadàbọ̀ ni ká sọ lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé wọ Àbọ̀mẹ́, olú-ìlú Dáhòmì, lọ́dún 1892, àwọn ọmọ Kétu tó wà lóko ẹrú padà sílé, wọ́n sì tún ìlú kọ́ lábẹ́ Alákétu Onyegen. Ẹ má gbàgbé Àlàbá Ìdá, ayaba rẹ̀ tí àwọn Faransé fi iṣẹ́ ìlú lé lọ́wọ́. Lójú tèmi, àwa ọkùnrin kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ rárá!

Kí ẹ̀yin ìyá wa tó mọ oríkì ilé yín múra sílẹ̀. Ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́, kó fi ọ̀rá wé e, nítorí òjò. Àwọn àgbà ló ni ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé ẹní wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé alùpùpù sẹ́nu ilẹ̀kùn onígi yẹn mọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́