Lẹ́tà sí Àlàó, ẹni tí wọn kò dí lọ́nà

Àlàó ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló pè mí lálẹ́ Ẹtì tó kọjá. Ó ní o wọlé, o ti ilẹ̀kùn mọ́rí, o ò jẹun. Mo ní kí ló dé, ó ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí o ń gbá yẹn ni. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé kékeré kan láti abẹ́ oko Texas níbẹ̀ ló nà yín, kóòṣì yín sì dúró lójú gbogbo èèyàn, ó ní ìwọ lo fà á. Nígbà tó yá tí o gba fóònù, ohùn rẹ ti há. O ní, "Ọ́ńkù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí mo bá ti débẹ̀ báyìí, bọ́ọ̀lù ò ní í sí níbẹ̀ mọ́."

Má bínú sí mi. Ọkàn mi fò sókè fáyọ̀ nígbà tí o sọ ọ́. Ẹkún rẹ ò dùn mọ́ mi nínú o, Ọlọ́run gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé kò sí kóòṣì tó ṣì ń jókòó kọ́ ọmọdé ní ohun tí wọ́n fi nà yín yẹn. Option ni wọ́n ń pè é, ọgbọ́n tí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ti ń wo ohun tí ọ̀tá ṣe kó tó pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù á gbà. Mo fẹ́ sọ fún ọ bí èmi àti òun ṣe pàdé, torí láti alẹ́ Ẹtì yẹn ni mi ò ti lè sùn dáadáa.

Ọdún 1993 ni mo dé Lincoln ní Nebraska láti wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa irè oko. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Shooting Stars ni mo mọ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ilé bàbá àgbẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo gbà, yàrá abẹ́ ilẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, mo jáde mo rí ìlú tó pupa láti orí dé ẹsẹ̀: ìyá arúgbó, ọmọ ọwọ́, ajá. Láti 1962 ni pápá ìṣeré fásitì Nebraska ti ń kún dẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù nílé; lọ́dún tí mo dé yẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin èèyàn. Mo ní ìsìn wo lèyí?

Bàbá onílé mi pè mí sókè ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti da àgbàdo gbígbẹ sórí tábìlì ìdáná, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ oko ló fẹ́ bá mi sọ. Ó to hóró márùn-ún sórí ìlà, ó ní àwọn tó ń dínà nìyí. Ó fi ẹ̀wà pupa kan sẹ́yìn wọn, ó ní quarterback nìyí, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tó sì ń darí eré. Ó fi hóró méjì sẹ́yìn ẹ̀wà náà. Ó wá to àwọn ọ̀tá síwájú, ó sì ń ti hóró kọ̀ọ̀kan lọ lu ẹni tó kọjú sí i: ìwọ mú tìrẹ, ìwọ náà mú tìrẹ. Ṣùgbọ́n hóró kan wà ní ìparí ìlà àwọn ọ̀tá, òun ló tóbi jù níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lọ bá a. Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé èyí o." Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó fi èékánná tó ti là síméjì kan hóró náà lórí, pẹ́pẹ́. Ó ní, "A ò gbàgbé ẹ̀. Òun gan-an là ń bá ṣeré."

Ìwọ ni hóró yẹn, Àlàó.

Ìdí tí wọn ò fi fọwọ́ kàn ọ́ nìyẹn. Quarterback gba bọ́ọ̀lù, ó kì í bọ inú ikùn fullback, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fi sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára rẹ. Bí o bá bẹ́ mọ́ fullback, á yọ bọ́ọ̀lù kúrò nínú ikùn ẹni yẹn, á gba ẹ̀yìn rẹ kọjá. Bí o bá dúró de òun, á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún fullback, ìyẹn á sì já gba àárín lọ. Bí quarterback bá gbé e bọ́ síta, á tún bá ẹlòmíràn tí wọn kò dí pàdé. Bí ẹni yẹn bá kọjú sí òun, á ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá sá tọ ẹni ẹ̀gbẹ́ lọ, òun fúnra rẹ̀ á kọrí síwájú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó sì yẹ kó wá dí ọ lọ́nà ti lọ kún àwọn ará rẹ̀ lọ́wọ́ níbòmíràn, kí wọ́n lè jẹ́ méjì sí ẹyọ kan. Kóòṣì kan, Don Faurot, ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Missouri lọ́dún 1941. Inú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ti mú un, níbi tí ẹni méjì bá ti ń sáré bọ̀ wá bá olùṣọ́ kan ṣoṣo.

Ìwọ rò pé wọ́n fojú di ọ́. Rárá o. Ìwọ ni wọn ò lágbára láti dí, ni wọ́n ṣe fi ọ́ sílẹ̀.

Tom Osborne, kóòṣì ẹgbẹ́ fásitì Nebraska, kò bí i mọ́ ilé. Ẹgbẹ́ fásitì Oklahoma ló na ọgbọ́n náà sí i lára, ọdún márùn-ún gbáko láti 1973 títí di 1977, kó tó rí wọn mú ní 1978. Ìgbà tó yá ló wá ń wá quarterback tó lè sáré. Nígbà tí èmi débẹ̀, Tommie Frazier ni quarterback tó wà níbẹ̀. Mi ò lè fi bó ṣe ń ṣe é hàn ọ́ nínú ìwé. Ó máa ń gbé bọ́ọ̀lù dání bí ẹni gbé ẹyin, á máa wo ojú ẹni tó ń bọ̀ wá pa á, á sì dúró. Á dúró títí tí èmi tí mo jókòó nílé á fi máa pariwo pé jù ú, jù ú! Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹni yẹn bá ti gbéra ni ọwọ́ rẹ̀ tó máa yọ.

Ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1996, ní Tempe ní Arizona, Fiesta Bowl, eré àṣekágbá àwọn fásitì lọ́dún yẹn. Florida ti kóòṣì Steve Spurrier ni wọ́n bá pàdé, àwọn tó jẹ́ pé jíjù ṣáá ni bọ́ọ̀lù tiwọn. Èmi àti bàbá sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Apá kẹta ń lọ sópin nígbà tí Frazier yà sọ́tùn-ún. Kò jù ú. Wọ́n dì mọ́ ọn. Mo ti ní ó parí, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń lọ. Wọ́n bò ó bí èèrà ṣe ń bo ṣúgà, ẹnì kan já bọ́, òmíràn já bọ́, ló bá jáde láàárín wọn, ó di eré, yáàdì 75. Bàbá kò pariwo. Ó gbá ọwọ́ mi mú lórí apá àga, ó fún un títí ó fi ń ro mí. 62 sí 24 ló parí sí. Yáàdì 524 ni wọ́n fi ẹsẹ̀ sá lọ́jọ́ náà, Frazier nìkan sá 199. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù gbowó, ń yan ọmọ lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó yàn án, torí ẹ̀jẹ̀ dídì tó ti ń bá a fínra.

Bàbá rí Eric Crouch náà, quarterback Nebraska tó gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù fásitì tó dára jù, ní 2001. Ọdún kejì ni bàbá dolóògbé, mo sì dúpẹ́ pé ojú rẹ̀ ò rí èyí tó kù. Ní ìparí 2003 wọ́n lé Frank Solich, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Osborne, ẹni tó ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú eré 12. Kóòṣì tuntun ti NFL bọ̀, ó kó option dànù. Ní 2004 wọ́n borí 5, wọ́n pàdánù 6, ohun tí ojú Nebraska ò rí láti 1961. Mo jókòó sí pápá lọ́dún yẹn, mo ń wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù tó ń bọ́ sílẹ̀, ó dà bí ẹni wo ilé bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń wó.

Wọ́n á sọ fún ọ pé kò kú, pé RPO tí ẹ̀yin náà ń gbá, níbi tí quarterback ti ń yàn láàárín kí wọ́n sáré àti kó ju bọ́ọ̀lù, ọmọ rẹ̀ ni. Mo gbà pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wo quarterback yín. Bó bá to àwọn èèyàn rẹ̀ tán, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa wo pátákó aláwòrán tí wọ́n ń gbé sókè, kí àgbàlagbà tó wà lẹ́bàá pápá tó ṣe ìpinnu fún un. Ohun tí mo ń ṣàárò rẹ̀ nìyẹn, Àlàó. Osborne fi odidi eré lé ọmọ ogún ọdún lọ́wọ́, ọmọ náà sì ń pinnu nígbà tí òkè ńlá bí ìwọ ti ń wó bọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ológun ló kù tó dì í mú gírígírí. Wo Army, ẹgbẹ́ ilé ìwé gíga àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Wọ́n lọ bá Oklahoma nílé, Oklahoma tó ní Kyler Murray, ẹni tó gba Heisman lọ́dún náà. Army di bọ́ọ̀lù mú fún ìṣẹ́jú tó lé ní 44 nínú 60. Murray jókòó, ó ń wòran. Àfikún àkókò ni Oklahoma tó rí wọn mú, 28 sí 21. Ní 2024, eré 12 ni Army borí nínú 14, Bryson Daily tó jẹ́ quarterback wọn sì fi ẹsẹ̀ gbé touchdown 32 wọlé, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá ọ̀tá. Mo ń wo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tí mo bá sì rí èyí tó dára, mo máa ń yíjú sí àga kejì.

Bí ẹ bá tún pàdé àwọn ọmọ abúlé yẹn, kóòṣì rẹ á pín yín, ẹnì kan sí ẹnì kan. Bó bá fi quarterback fún ọ, òun nìkan ni tìrẹ. Fullback á gba iwájú rẹ kọjá, á ká ara rẹ̀ kò bí ẹni gbé bọ́ọ̀lù pa mọ́, gbogbo ara rẹ á sì máa sọ pé kí o bẹ́ mọ́ ọn. Jẹ́ kó lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, jẹ́ kó lọ, tẹlòmíràn nìyẹn. Má sáré sí quarterback náà o. Rọra máa sún mọ́ ọn, kí ojú rẹ̀ má rí nǹkan kan kà lára rẹ.

Mò ń bọ̀ lóṣù kejìlá. Kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá onílé mi fi gba Fiesta Bowl yẹn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi aṣọ nù ún, mo sì ti ra ẹ̀rọ àlòkù tó lè gbé e. Bí mo bá fi sí i, má wo Frazier. Àwọn tí wọn ò dí ni kí o máa wò, bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń rò ó.

Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti rí èlùbọ́ tó bèèrè. Kí ìwọ náà jẹun o.

Ọ́ńkù rẹ ní
Lincoln